Baba Tú-Àpò-Rẹ Gba Fọ́ọ̀mù Bọ́ọ̀lù

Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni Bàbá Awọnlẹ̀ fi wọn ilẹ̀ fún tọmọdé tàgbà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo àkókò náà, òfin kan ṣoṣo ni ó fi ń yọ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́nu: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irin sún mọ́ kọ́ńpáàsì òun. Ó máa ń wí pé abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì a máa tẹ̀lé irin bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń fi ojú tẹ̀lé ìyá rẹ̀, àti pé bí ó bá yà díẹ̀ níhìn-ín, yóò ti yà jìnnà lọ́hùn-ún. Láràárọ̀ ni yóò to àwọn ọmọṣẹ́ sí ìlà kan, tí yóò sì máa tú àpò wọn wò. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó gba owó wẹ́wẹ́, ó gba bẹ́líìtì. Ọmọṣẹ́ kan wà tó fi odidi ọjọ́ kan di ṣòkòtò rẹ̀ mú nínú igbó. Bí Bàbá bá ti kẹ́yìn, Baba Tú-Àpò-Rẹ ni wọ́n ń pè é. Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí i.

Ilẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ́lé sí, òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn. Aránṣọ ni ọmọ náà. Yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá ni ó kó máṣíìnì mẹ́ta sí. Ibẹ̀ ni ó ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ó ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tí aṣọ wọn kò tíì parí. Ògiri yàrá yìí ló bá ilẹ̀ ìjọba pààlà. Pátákó kan dúró lórí ilẹ̀ náà, ó ń sọ pé ìjọba yóò kọ́ ilé ìkàwé síbẹ̀ láìpẹ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí "láìpẹ́" náà ti wà níbẹ̀. Koríko nìkan ló ti yọjú, òun náà sì ti ga ju pátákó lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òṣìṣẹ́ méjì dé láti iléeṣẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú téèpù àti ọ̀dà pupa. Wọ́n wọn ilẹ̀ láti ìdí pátákó, wọ́n mi orí, wọ́n sì fa àmì wíwó gàdàgbà sára ògiri náà. Wọ́n ní yàrá ìránṣọ ti fi ẹsẹ̀ bàtà méjì wọ inú ilẹ̀ ìjọba, àti pé bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá pé, katakata yóò dé.

Ọmọ náà sáré lọ bá bàbá rẹ̀, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Bàbá, ṣé ẹ wọn ilẹ̀ yìí dáadáa ṣá?"

Ìbéèrè náà dun Bàbá ju ọ̀dà pupa lọ.

"Èmi lo ń bi bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò bú yín. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí màá kó máṣíìnì mi lọ ni."

"Máṣíìnì rẹ ò lọ síbì kankan. Ta ló ń ti ìdí pátákó wọn ilẹ̀? Irin ààlà ìjọba wà nínú koríko yẹn, nọ́ńbà wà lórí ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Tá a bá rí irin yẹn, ahọ́n ni wọ́n máa fi lá ọ̀dà wọn kúrò."

Ṣùgbọ́n irin náà kò ju ọ̀pá kúkúrú kan lọ, iyẹ̀pẹ̀ sì ti bò ó láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá lọ yá ẹ̀rọ awárin lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ṣiṣẹ́ rí níléeṣẹ́ omi ẹ̀rọ, tó máa ń fi í wá páìpù: ọ̀pá gígùn tó ní àwo pẹrẹsẹ nídìí, tí ó máa ń hu bí ajá nígbà tí irin bá wà nítòsí. Ẹlòmíràn ì bá kàn fo ògiri kí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá kọ́kọ́ gba iléeṣẹ́ ilẹ̀ lọ láti béèrè bóyá òfin gbà á.

Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì jẹ́ ọkùnrin kan tí ó lọ ṣòkòtò rẹ̀ dé ibi tí ojú ìlà rẹ̀ fi lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Ó tẹ́tí sí Bàbá, ó ṣí ìwé òfin kan tó nípọn bí ìrọ̀rí, ó sì kà á fún ìgbà pípẹ́.

"Bàbá, òfin ò ní kẹ́ ẹ má wá irin. Ohun tó sọ ni pé ẹ ò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ mú nǹkan kan kúrò, ohunkóhun tó bá sì wà nísàlẹ̀, ti ìjọba ni."

"Irin yẹn, ti ìjọba náà ni tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ fi ohun ìní ìjọba han ìjọba ni."

"Ó dáa. Ẹ̀rọ lè máa hu, ẹ̀yin náà lè máa gbọ́. Tó bá di ká gbẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rárá, ẹ gbọdọ̀ ní ìwé àṣẹ."

"Fún mi ní fọ́ọ̀mù."

"Kò sí fọ́ọ̀mù fún un. Mẹ́ta la ní: ti ẹni tó fẹ́ da ẹran jẹko, ti ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìgbéyàwó, àti ti bọ́ọ̀lù. Ti bọ́ọ̀lù ni gbogbo ayé ń lò. Àwọn tó wá gbàdúrà lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ni wọ́n kọ."

Bàbá kò purọ́ sórí ìwé rí láyé rẹ̀. Ó wọ awò rẹ̀, ó sì kọ fọ́ọ̀mù náà bí ó ti yẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye agbábọ́ọ̀lù, ó kọ ọ́ pé: "Ẹnì kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ awárin." Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹgbẹ́ tí wọn yóò bá figagbága, ó ronú díẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: "Ìjọba." Akọ̀wé kà á, ó wo ojú Bàbá, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀, ó sì lu ìwé náà ní òǹtẹ̀. Ó ṣèlérí pé òun yóò gbé ọkọ́ wá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Nígbà tí ó di òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ koríko ìjọba jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ bí ó ti ń ṣe láti ọdún méje. Ó ka ìwé àṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, bọ́ọ̀lù dà?"

"Kò sí bọ́ọ̀lù."

"Wọ́n kọ bọ́ọ̀lù síbí. Ẹ̀yin nìkan náà lẹ sì wá. Ta ló máa wá mú gólì?"

"Ìwọ."

Ẹ̀ṣọ́ rò ó, ó rí i pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ó sì yà kúrò lọ́nà.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ rìn bọ̀ nínú koríko, ó ń fi àwo ẹ̀rọ náà gbálẹ̀. Ẹ̀rọ hu, ìdérí ìgò ni. Ẹ̀rọ hu, agolo tó ti dípẹtà ni. Ó tún hu, ṣíbí kan ló yọrí. Ọmọ rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé yàrá ìránṣọ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

"Bàbá, ẹ̀rọ yín yìí ń ké bí ọmọ tó ń yọ eyín."

"Máa ránṣọ rẹ."

Ohun tí kò yé Bàbá ni pé nígbàkígbà tí ó bá gbé àwo náà sókè láti nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, yóò hu mọ́ ọn lójú. Kò sí irin lójú ọ̀run. Ó nù ún, ó hu. Ó yí i padà, ó hu. Ẹ̀ṣọ́, tó ti ń wò ó láti ìgbà yìí wá, fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú àpò yín."

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó sì yọ ọ̀bẹ kékeré tó fi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti bá àpò yẹn mọ́ra débi pé kò kà á sí irin mọ́. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. A kò rí orí rẹ̀ lójú fèrèsé mọ́.

Bàbá gbé ọ̀bẹ náà fún ẹ̀ṣọ́, ẹ̀rọ sì jáwọ́ nínú híhu lásán. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó hu gidi, ó sì kọ̀, kò dákẹ́. Nísàlẹ̀ bẹ́ǹṣì ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ tú bàtà rẹ̀, ó tú bẹ́líìtì, ó gbé bẹ́ǹṣì kúrò. Ẹ̀rọ ṣì ń hu. Nígbà tí akọ̀wé dé, ó ká ṣòkòtò tó lọ̀ náà dé orúnkún, ó sì gbẹ́lẹ̀ lórúkọ ìjọba. Irin ààlà yọ, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀. Ọdún méje ni ẹ̀ṣọ́ ti fi jókòó lé e lórí.

Wọ́n ta téèpù láti ibẹ̀ dé ara ògiri. Akọ̀wé wo téèpù, ó wo ìwé ilẹ̀, ó sì pa ọ̀rọ̀ àmì pupa yẹn rẹ́ nínú ìwé tirẹ̀.

"Kò sí ẹsẹ̀ bàtà méjì kankan níbí. Màdáámù, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ìka méjì péré ni ògiri fi kọjá ààlà."

"Ìka mélòó?" ni Bàbá béèrè.

"Méjì, Bàbá. Kì í ṣe nǹkan."

"Ẹ tún un wọ̀n."

Wọ́n tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ìka méjì ni.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Bàbá wí.

"Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ wí lójú fèrèsé, kò rẹ́rìn-ín mọ́, "ẹ fi Ọlọ́run dákẹ́."

"Kò síbi tí wọ́n ń kọ ìka sí," ni akọ̀wé wí. "Láti orí ẹsẹ̀ bàtà ni ìwé mi ti bẹ̀rẹ̀."

Bàbá kò gbọ́ ọ. Ọ̀bẹ tó wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀ṣọ́ ni ó ń wò. Ó rí ara rẹ̀ ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, ó tẹ̀ mọ́ kọ́ńpáàsì, ọ̀bẹ sì ń fì nínú àpò àyà rẹ̀ gan-an lókè abẹ́rẹ́, lẹ́yìn tó ti tú àpò gbogbo ènìyàn tán. Ó rántí ọmọṣẹ́ tó di ṣòkòtò mú. Ọmọṣẹ́ náà ti di ọ̀gá báyìí, ó ti ní ọmọṣẹ́ tirẹ̀. Bóyá òun náà ń gba bẹ́líìtì.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá tún dé iwájú akọ̀wé. Ó gba fọ́ọ̀mù bọ́ọ̀lù. Níbi iye agbábọ́ọ̀lù, ó kọ ọ́ pé: "Ẹnì kan, pẹ̀lú ọ̀bẹ." Ẹ̀ṣọ́ kà á lẹ́nu ọ̀nà, ó sì na ọwọ́ sí àpò Bàbá. Bàbá tú gbogbo àpò rẹ̀ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró ṣinṣin títí ẹ̀ṣọ́ fi yẹ̀ wọ́n wò tán. Lẹ́yìn náà ni ó lọ síbi ògiri, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ gbígbẹ́-pẹ́ńsùlù họ sìmẹ́ńtì ìka méjì náà kúrò lára ògiri ní díẹ̀díẹ̀.

Nínú yàrá, máṣíìnì dákẹ́.

"Bàbá, ó ku mélòó?"

"Ìka kan àti díẹ̀."

"Ẹ rọra o. Ìjọba ti fi ògiri yìí sílẹ̀ fún mi. Kẹ́ ẹ má lọ bá wọn wó o."