Ajá tí A Gbà Sílẹ̀ Létí Afárá

Bí ẹ bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in tán níbí, nítorí tí mo bá dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà lọ́jà Ìkéré. Pírámárì mẹ́ta ni mo kà, ẹnu mi sì mú ju ọ̀bẹ tí mo fi ń gé orí àrọ̀ lọ. Kò sí ohun tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun tí ẹnìkan sọ fún mi o. Ojú mi ló rí i. Ojú òsì gan-an ni, ọ̀tún ò rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ẹ ó rántí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń kó ẹrù láti Àkúrẹ́ lọ sí Adó. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń gba Ìkéré kọjá: bẹ́ẹ̀dì lókè, fíríìjì lẹ́yìn, ìyàwó níwájú. Ajá nìkan ni kì í sí àyè fún. Bí wọ́n bá ti sún mọ́ ìlú wa, wọ́n á dúró bí ẹni tó fẹ́ tọ̀, wọ́n á já ajá sílẹ̀, wọ́n á tẹ mọ́tò lọ. Nígbà tó yá, ajá akọ̀wé pọ̀ ní títì wa ju akọ̀wé lọ.

Mama Tíṣà ló ní òun ò lè máa wò kí mọ́tò máa pa wọ́n. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Sítọ̀ọ̀ kòkó àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó gbá a, ó sì pe àwa obìnrin mélòó kan pé ká wá máa ran òun lọ́wọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà ẹranko kan a máa ti Adó wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti fún àwọn ajá náà ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àwọn ará àdúgbò náà á sì fa tiwọn wá. Tèmi ni kí n máa kó orí ẹja àti èyí tó ti rún wá.

Èmi tí mo ti jẹ ẹran ajá rí! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ìyá Ẹlẹ́ja," ó ní, "èyí tí o jẹ ti lọ. Wá fún èyí tó kù lóúnjẹ."

Iṣẹ́ kejì tí mò ń ṣe níbẹ̀ ni èpè. Kò sẹ́ni tó fi mí jẹ ẹ́ o, ẹnu mi ló gbà á. Bí a bá ti gbé ajá tuntun, màá dúró ní títì, màá kọjú sí ọ̀nà Adó, màá ké mọ́ ẹni tó já a sílẹ̀: "Kò ní délé! Ibi tó ń lọ, kò ní débẹ̀!" Àwọn obìnrin á máa ṣe "Àmín", wọ́n á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Mama Tíṣà á ní kí n sinmi ẹnu. Òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú ọyẹ́, awakọ̀ kan wá sọ fún wa pé ajá kan wà létí afárá lọ́nà Àkúrẹ́, pé ó ń gbó mọ́ gbogbo mọ́tò tó ń kọjá. Èmi àti Mama Tíṣà wọ mọ́tò rẹ̀, a lọ. Ajá pupa ni, okùn tó já wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó ṣe rí wa báyìí, ó sáré wá, ó fi ẹnu mú etí ìró mi, ó ń fà mí lọ sínú igbó tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ odò.

"Ó fẹ́ sá," mo ní. "Ẹ mú okùn, mà."

A fà á. Ó fà wá. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí ajá tó kọ àánú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni Mama Tíṣà ti dúró, tó tẹ́tí. "Ìyá Ẹlẹ́ja, ṣé o gbọ́ nǹkan nísàlẹ̀?"

Mo gbọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ohùn kan tó tín-ín-rín, tó ń gbọ̀n.

"Ewúrẹ́ ni," mo ní. "Ajá la wá gbé, a ò wá gbé ewúrẹ́. Ọjà ń dúró dè mí."

Ó rẹ́rìn-ín. A ti ajá sínú búùtù. Kí n tó wọ mọ́tò, mo dúró lórí afárá, mo kọjú sí ọ̀nà Adó, mo sì fi gbogbo ọ̀fun ké e bí ìṣe mi: "Ẹni tó já ajá yìí sílẹ̀, kò ní délé!"

A sọ ọ́ ní Afárá, nítorí a ò mọ orúkọ tó ń jẹ́. Kò jẹun. Orí àrọ̀ tó ṣì ní ẹran lára, kò wò ó. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ń jókòó sí, ó kọjú sí ọ̀nà Àkúrẹ́, ojú rẹ̀ méjèèjì ń ṣepin. Mama Tíṣà ní eruku ọyẹ́ ni. Ó fún mi ní àkísà, ó ní kí n máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún.

Ọjọ́ kẹsàn-án bọ́ sí Sátidé. Ọ̀sán gangan, oòrùn wà láàárín orí, àpáta Olósùnta ń tàn yòò lọ́ọ̀ọ́kán bí irin. Mama Tíṣà ti lọ pọn omi. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú ajá mọ́kànlá. Mò ń nu ojú Afárá, òógùn ń ṣàn wọ ojú tèmi náà. Láìrò ó, mo gbé àkísà kan náà, mo fi nu ojú òsì mi.

Ìyá tó bí ìyá mi ti sọ ọ́ fún wa ní kékeré: ẹni tí ipin ojú ajá bá kan ojú rẹ̀, yóò rí ohun tí ajá ń rí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn pa gbogbo ọjà lẹ́rìn-ín rí.

Ojú ta mí. Mo ṣẹ́ ẹ. Ọkùnrin kan lóṣòó níwájú mi, ó gbé ọwọ́ lé ajá lọ́rùn.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, apá òsì rẹ̀ kún fún erùpẹ̀ pupa tó ti gbẹ. Ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ìkejì wọ ìbọ̀sẹ̀ lásán. Èèmọ́ inú igbó lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ títí dé orúnkún. Ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lọ́wọ́, ó ń yí i, ó ń yí i, bí ẹni tó ń kánjú.

Mo fi ọwọ́ bo ojú òsì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ká ọwọ́ kúrò. Ó wà níbẹ̀.

Ilé ajá tí kì í dákẹ́ rí, ó pa lọ́lọ́.

"Jáàkì," ó ní.

Ajá tí kò ju ìrù láti ọjọ́ tó ti dé, ó ju ìrù.

Ọkùnrin náà wá gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń bá ọmọnìkejì sọ̀rọ̀ nígbà ìwàásù lọ. "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ẹ ò rí nǹkan! Òkú kí mi. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni.

"Ulé ni mò ń lọ," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n má délé."

Mo fi ìdí wọ́ sẹ́yìn.

"Mo gbọ́ yín nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún," ó ní. "Mo ń dáhùn."

Títí wọn ó fi da erùpẹ̀ bò mí, mi ò ní gbàgbé gbólóhùn yẹn. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Délé, jọ̀ọ́. Ọmọ mi, délé."

Ó mi orí. "Ẹ ò sọ ọ́ báyìí lọ́jọ́ náà, mà. Ẹ pariwo ni."

Omi bọ́ lójú mi, ó sì fọ ipin náà lọ. Mi ò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n lórí sìmẹ́ńtì tí èmi fúnra mi gbá láàárọ̀, èèmọ́ mẹ́ta wà nílẹ̀.

Mama Tíṣà wọlé pẹ̀lú korobá omi. Mo rò ó fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó gbé korobá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èèmọ́ kan, ó ń wò ó.

"Láti ọjọ́ náà," ó ní, "ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún ara mi pé ewúrẹ́ ni."

A mú ajá, a padà sí afárá. A ò tíì dúró dáadáa tí ajá fi já gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó wọ igbó. A tẹ̀ lé e. Alùpùpù wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá odò, nínú eèsún. Ọkùnrin náà ò sí níbẹ̀. Koríko tó tẹ́ lulẹ̀ fi ibi tó wọ́ gbà hàn wá, ó wọ́ ara rẹ̀ gun òkè, ó wọ́ ọ bọ̀ wá sí ẹ̀bá títì. Ibi tí a ti bá òkú rẹ̀, ká ní mo ju orí ẹja láti orí afárá tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà, ì bá bà á. Àwọn tó ń kọjá ti ń gbóòórùn. Wọ́n rò pé ẹran tí mọ́tò pa ni.

Mo gun orí afárá. Mo ní kí n pariwo, kí n gba èpè náà padà bí mo ṣe sọ ọ́. Ohùn mi tí ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́jà láti ìsọ̀ kan dé ìkejì, ẹ gbà mí gbọ́, atẹ́gùn lásán ló jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ti Adó wá. Òun àti àwọn ọmọ ti ṣáájú pẹ̀lú ẹrù. Ọkọ dúró sẹ́yìn láti kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún onílé, kí òun àti ajá wá fi alùpùpù tẹ̀ lé wọn. Fóònù alágbèéká ò tíì dé nígbà náà. Adó rò pé ó ṣì wà ní Àkúrẹ́, Àkúrẹ́ rò pé ó ti dé Adó.

Bí ajá ṣe rí i, ó sunkún bí èèyàn. Obìnrin náà pè é ní Jáàkì. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, èmi!

"Ẹ ṣé tí ẹ ṣàánú ajá rẹ̀, mà." Ó nu ojú. "Wọ́n ní ó pẹ́ kó tó kú. Ṣé kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀?"

Mama Tíṣà wò mí. Èmi ẹlẹ́nu mímú wo ilẹ̀.

"Kò sí, ọmọ mi," mo ní. "Kò sẹ́ni tó gbọ́."

Ó mú ajá lọ. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, a bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn sítọ̀ọ̀ kòkó láàárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bó. Ó rìn láti Adó. Obìnrin náà wá mú un lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó wá kẹ́yìn, ó ní ká kúkú máa tọ́jú rẹ̀. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mà, láti ìgbà tí a ti sin ín, bó bá di ọ̀sán gangan, à ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan ń yí i. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó wọlé."

Mo ti padà sí afárá yẹn, mi ò mọye ìgbà. Mo lè kiri ẹja níbẹ̀, mo lè kọrin ìjọ níbẹ̀. Bí mo bá ti ní kí n ké "Délé!", ọ̀fun mi á dí. Ajá náà sì wà títí ó fi darúgbó. Lọ́sàn-án gangan, yóò ju ìrù sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún Mama Tíṣà títí ó fi kú. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kì í ṣe ọkùnrin náà nìkan ni ojú òsì mi rí. Obìnrin kan jókòó ti abo ajá dúdú tó wà ní igun, ó gbé báàgì ìrìnàjò lé itan. Bàbá àgbà kan dúró lẹ́yìn èyí tí etí rẹ̀ já, ó kọjú sí ògiri. Wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n láti sọ̀rọ̀ ni.

Níbo la ti gbé àwọn ajá méjì yẹn? Mi ò rántí. Ajá pọ̀ ní títì nígbà náà. Ohun tí mo ké mọ́ àwọn tó ni wọ́n nìkan ni mo rántí.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ajá tó ń gbó létí títì, tó fẹ́ fà yín wọ igbó, ẹ má tíì ṣàánú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo inú igbó náà. Bí ẹ bá sì gbọ́ ewúrẹ́ nísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.