Ìyá Mi Lórí Bẹ́ǹṣì Wa

Láàárọ̀ yìí, nínú ọkọ̀ akérò tí à ń pè ní tìrótìró, ìyá àgbà kan ń ka àkọlé ṣọ́ọ̀bù sókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ojú tì mí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń ka Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní iléèwé wa ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ àwọn àgbà lọ́fẹ̀ẹ́. Orí bẹ́ǹṣì wa ni ìyá mi jókòó sí, òógùn bò wọ́n. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yọjú lójú fèrèsé.

"Màmá ẹ ló ń kàwé bí ọmọ jéléósinmi yẹn?"

"Rárá o! Aládùúgbò wa ni."

Ìyá mi gbójú sókè, wọ́n pa ìwé dé.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n bó ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ síwájú mi. "Ọmọ aládùúgbò, ó yá, jẹun."

Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín.

Wọn ò lọ kàwé níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn tí mo ti fi iléèwé sílẹ̀ ni olùkọ́ náà tó sọ fún mi pé ìwé èsì ìdánwò mi ni ìyá mi fẹ́ máa fúnra wọn kà tí wọ́n fi wá kẹ́kọ̀ọ́.