Tíì Tí Wọ́n Sin Sídìí Igi Ọsàn

Òórùn kíkan tó ta sí ọ nímú nígbà tó o wọ ilé ìdáná mi lọ́jọ́ Sunday yẹn, tó o ń bi mí bóyá ògì mi ló kan jù, kì í ṣe òórùn ògì. Mo rí bó o ṣe wo ìgò tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tó o tún wo ojú mi, tó o wá pa ọ̀rọ̀ náà tì. O ṣeun. Òórùn yẹn ló máa ń gbé mi padà sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìdáná ní ilé ẹbí ọkọ mi ní Ìrè, níbi tí a ń kó iṣu sí, tí atẹ́gùn kì í wọ̀ dáadáa, tí gbogbo ibẹ̀ ń rùn bí eruku iṣu àti epo pupa. Ibẹ̀ ni mo ti pọn tíì mi àkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni mo ti pàdánù ọmọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà wà láàyè dòní, ó ń jẹun, ó ń lọ sílé ìwé.

Àkọ́bí mi ni. Nígbà tí mo bí i, ẹ̀jẹ̀ tó dà lára mi pọ̀ débi pé fún ìgbà pípẹ́, bí mo bá dìde lójijì, òòyì á máa kọ́ mi. Ibà kan ò ní tíì lọ tí òtútù mìíràn á fi dé. Síbẹ̀ mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní Ìkọ̀lé. Láàárọ̀ mo máa ń gun ọ̀kadà láti Ìrè dé Ọyẹ́ kí n tó wọ takisí, ọmọ á sì wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, obìnrin kan tó ti gbé òkè òkun rí, ló wò mí lọ́jọ́ kan tó ní, "Ara rẹ ò ní ohun tó fi ń bá àìsàn jà mọ́." Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìgò kọfí kan wá fún mi. Omi díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nǹkan kan sì léfòó sójú omi náà, ó funfun bí awọ orí ẹ̀kọ tó ti tutù, ó nípọn, ó sì ń yọ̀. Ó ní kọ̀ǹbúṣà ni wọ́n ń pè é, pé tíì àti ṣúgà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, pé omi rẹ̀ ni n óò máa mu.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo máa ń se omi, n óò rẹ gíríìn tíì sínú rẹ̀, n óò da ṣúgà sí i, n óò sì dúró kó tutù pátápátá, nítorí ọ̀gá mi ti kìlọ̀ pé bó bá gbóná, awọ náà á kú. Lẹ́yìn náà n óò dà á sínú ìgò ńlá ẹlẹ́nu fífẹ̀, n óò rọra gbé awọ náà lé e, tòun ti díẹ̀ nínú omi rẹ̀ àtijọ́. Kò fẹ́ oòrùn, àmọ́ ó fẹ́ atẹ́gùn, kò sì gbọdọ̀ rí eṣinṣin. Torí náà mo gé nápíkìn ọmọ mi kan tó ti gbó, mo sè é, mo sá a, mo fi bo ẹnu ìgò, mo fi rọ́bà dè é, mo sì gbé e pamọ́ sẹ́yìn òkìtì iṣu níbi tó ṣókùnkùn. Bó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, á ti máa kan, á máa ta lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, awọ tuntun á sì ti bo orí ti tẹ́lẹ̀. Bóyá òun ló gbé mi dìde, bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún mi ní ilé ìwòsàn ni, mi ò mọ̀ dòní. Mo ṣáà dìde. Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ni nǹkan tèmi tí ẹnikẹ́ni ò bá mi dá sí.

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú lójú àwọn ará ìjọ. Nígbà tí mo bímọ, tí nọ́ọ̀sì di olóbi ọmọ, èyí táwọn àgbà ń pè ní èkejì ọmọ, sínú ọ̀rá dúdú fún wa, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e délé, tó fi sínú ìkòkò, tó sin ín sídìí igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé, tó sì gbàdúrà lé e. Ìwọ náà mọ bí tiwa ṣe rí, a kì í fi olóbi ṣeré. Ẹni tó bá rí i gbé, wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí ọmọ wà. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà tí mi ò fojú sí nígbà náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Ìbàdàn, ti pẹ́ nílé ọkọ láìbí. Bó bá ti wálé, á gbé ọmọ mi mọ́ra láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá ọkọ mi á máa wo àwọn méjèèjì, á wá yíjú sí mi, á ní, "Ùyàwó, ìwọ ṣì lè bí òmíràn." Mo máa ń ṣe àmín ni. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà fún mi.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, ara ọmọ gbóná. Ó ń rù, kò fẹ́ mu ọmú. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún wa ní oògùn, mo sì fún un lẹ́ẹ̀kan kí a tó kúrò níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi wọ yàrá ẹ̀yìn lọ mú iṣu tí a fẹ́ fi gúnyán. Mo gbọ́ tó pe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan, kò sì pariwo. Nígbà tí mo máa débẹ̀, ó ti tú nápíkìn kúrò lẹ́nu ìgò, ó sì ti gbé ìgò náà wá sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí mo ṣe fi ojú tirẹ̀ wò ó, ẹ̀rù ba èmi náà. Bí ẹran rọ́bọ́tọ́ kan ló rí, ó ń léfòó, ó ń yọ̀, àwọn okùn tín-ín-rín pupa rúsúrúsú sì ń já bọ́ lábẹ́ rẹ̀ sínú omi bí ìwọ́ ọmọ. Aṣọ ọmọ mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olóbi ọmọ mi rè é," ni ohun tó sọ. Ọmọ mi, ló wí. Kò sọ pé ọmọ rẹ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ránṣẹ́ pe àbúrò bàbá ọkọ mi tó jẹ́ àgbà ilé, ọkọ mi náà sì ti dé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n gbé ìgò náà sórí tábìlì ní pálọ̀. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Mo kó páálí tíì jáde, mo kó ṣúgà jáde, bí ẹni ń pàtẹ. Àgbà ilé ò tiẹ̀ bínú, èyí ló sì jẹ́ kọ́rọ̀ náà le. Ó fara balẹ̀, ó ní, "Ùyàwó, kì í ṣe ìjà. Ẹ jẹ́ á lọ wo ulẹ̀ ìdí igi ọsàn."

Ìyá ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka síbẹ̀, àgbà ilé sì gbẹ́ ẹ. Ó bá ìkòkò náà níbi tí wọ́n gbé e sí gan-an. Nígbà tó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ ló bù jáde, àti gbòǹgbò ọsàn wẹ́wẹ́. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ ti jẹ ẹ́. Ó ti pẹ́." Ta ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ ń jẹ nǹkan? Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ ebè ni mò ń bá sọ̀rọ̀, tó mọ bí ewé ṣe ń jẹrà àti bí ìyá iṣu ṣe ń di erùpẹ̀. Ó wo inú ìkòkò, ó wo ojú mi, mo sì rí i pé ó mọ̀. Ìyá ọkọ mi wá dá sí i wẹ́rẹ́, ó ní, "Ulẹ̀ ulé yí kì í jẹ ohun tá a bá fún un pamọ́." Àgbà ilé sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pe ọ̀gá mi. Mo pè é, mo sọ gbogbo rẹ̀ ní kúkúrú, mo sì gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Obìnrin náà kí wọn dáadáa, ó ní kí wọ́n má bẹ̀rù rárá, kò sí nǹkan burúkú nínú ìgò náà. Ó ní ṣúgà ló ń jẹ, pé ó sì máa ń bímọ sórí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má dà á nù o. Ó ṣì wà láàyè." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Bó bá jẹ́ ní ilé ẹlòmíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi na ọwọ́, ó pa fóònù náà.

Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para kó lọ jókòó sídìí iná. Ohun tí mo ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo bu omi inú ìgò náà sínú ife, mo gbé e mu níwájú wọn, mo ní, "Ohun tí mo ti ń mu látọjọ́ yìí nìyí. Ẹ wò mí, ara mi ti le." Ìyá ọkọ mi wò mí lóòótọ́, láti orí dé ẹsẹ̀. "Àwa náà rí i," ló wí. "Ìwọ ń sanra, ọmọ ń rù."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Ó ti tọ́ ọ wò rí, nínú yàrá wa, ó sì ní ó ń ta òun lẹ́nu bí mínírà, pé kí n bu díẹ̀ sí i. Mò ń retí kó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Ó tẹjú mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gún gún.

Wọ́n ka Sáàmù sórí tíì mi, wọ́n dà á sínú ìkòkò yẹn tòun tawọ rẹ̀, wọ́n sì tún ìkòkò náà sin sídìí ọsàn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ara ọmọ ti rọ̀ wọ̀ọ̀, ó gba ọmú, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Oògùn ilé ìwòsàn ló ṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni n óò sọ ọ́ fún? Ẹ̀rín ọmọ mi ni wọ́n fi dá mi lẹ́bi. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé mọ́tò wá láti Ìbàdàn, ó ní òun wá mú ọmọ. Ọkọ mi ní, "Jẹ́ kó lọ, kí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ ná." Wàrà ń kán sára aṣọ mi nígbà tí mọ́tò náà yí kúrò níwájú ilé. Mo padà sí ilé ìdáná, mo sì rí ìgò mi, ìyá ọkọ mi ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó ti kó iyọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ò rọlẹ̀. Gbogbo àgbà tí mo bẹ̀ ló ní kí n ní sùúrù, pé ọmọ wà lọ́wọ́ ẹbí, kò sọnù. Mo kẹ́rù mi kúrò ní Ìrè, mo gba yàrá kan ní Ìkọ̀lé. Mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá obìnrin yẹn gba ohun tó sọ gbọ́. Nígbà kan mo rò pé ẹ̀rù bà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ látìgbà náà fi hàn mí pé ohun tó ń wá ló rí nínú ìgò náà, mi ò sì ní dárí jì í.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbà kí n wá kí ọmọ náà ní Ìbàdàn, bí mo bá lè ṣe bí ìbátan tó ti Èkìtì wá. Mo gbà. Kí ni ǹ bá ṣe? Ó ti gùn, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Àǹtí, ó sì sáré lọ sílé ìdáná lọ gbé ife kan wá fún mi. Kí ife náà tó dé ẹnu mi ni mo ti mọ òórùn rẹ̀. Mo dá ife náà dúró, ọmọ náà sì rọra di ìdí rẹ̀ mú fún mi. "Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀, Àǹtí. Kì í ṣe nǹkan burúkú. Mọ́mì ló ń ṣe é, ó ń jẹ́ kára le."

Mo mu ún tán. Ó dára ju tèmi lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo sì bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. "Màmá?" ló wí, bí ẹni pé mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ omi. "Àràárọ̀ ni wọ́n ń mu ún. Èmi ni mo ń fi ránṣẹ́ sí wọn ní Ìrè." Ojú rẹ̀ ò yẹ̀ rárá.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ọmọ náà ní òun fẹ́ fún mi ní ẹ̀bùn. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó bó awọ òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀, ó rọra gbé e sínú ìgò kékeré kan, ó da omi rẹ̀ díẹ̀ lé e, ó fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀, ó sì fi rọ́bà dè é bí mo ṣe máa ń dè é gẹ́lẹ́. Orí ẹsẹ̀ mi ni mo gbé e lé títí mo fi dé Ìkọ̀lé.

Òun ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mi ò mu nínú rẹ̀ rí. Mo kàn ń se tíì fún un, mò ń fún un ní ṣúgà, mò ń pààrọ̀ aṣọ ẹnu rẹ̀. Wọ́n ní mo gbé nǹkan ọmọ mi pamọ́ sínú ìgò. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, irọ́ ni. Tí wọ́n bá tún wá bi mí lónìí, mi ò ní jiyàn.