Ìdérí Tó Ń Jóni Lọ́wọ́

Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin tí gbogbo iléeṣẹ́ ìkòkò ń pè ní Àǹtí Onídérí fi kan ọwọ́ mọ́ ìdérí. Irin ni ọwọ́ náà, ibi tí wọ́n ń dì mú ṣí ìdérí. Bí ìkòkò bá ti hó, ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán ṣí i, kó má bá ẹnikẹ́ni wí. Àǹtí mọ̀, torí ó ń dáná nílé, àpá sì wà ní ìka rẹ̀. Ọ̀gá àgbà kò mọ̀. Níbo ló ti fẹ́ mọ̀? Ọkùnrin tí wọ́n ń bu oúnjẹ síwájú rẹ̀ láti kékeré!

Àǹtí fi igi gbẹ́ ọwọ́ ìdérí kan, ó dán, kì í gbóná. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kó rí i lórí ìkòkò lọ́jà kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ló gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Èsì tí ọ̀gá ń fún un rèé:

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ ronú? Ìdérí la ní kẹ́ ẹ máa kàn."

Àwọn máníjà á sì máa mi orí bí alángbá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àmọ́ àgbà tiwa yìí ti pinnu pé kí wọ́n ṣáà pe òun.

Nígbà tí iléeṣẹ́ mìíràn gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ṣèpàdé ọjọ́ mẹ́ta. Kí ni wọ́n mú jáde? Àkísà! Àkísà pupa kan nínú páálí kọ̀ọ̀kan, láti fi ṣí ìdérí gbígbóná, wọ́n kọ "Ọjà Tuntun" sí i lára. Inú ṣì ń bí mi.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí fẹ̀yìn tì, ìkòkò àti àkísà ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ó yọ súkúdíráfà lápò, ó tú ọwọ́ irin kúrò lára ìdérí rẹ̀, ó fi ti igi sí i. Ìrẹsì ìdágbére ń hó lórí gáàsì nínú irú ìkòkò kan náà. Ó gbé ìdérí náà dé e. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣí i."

Ọ̀gá nawọ́ sí àkísà.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, sà."

Ó ṣí i. Kò jó o. Ó dé e, ó tún ṣí i.

"Ta ló ṣe èyí? Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni mo sọ ọ́, sà."

Ọ̀gá wúkọ́. "Ẹ fi sílẹ̀ fún wa, màmá. Ìgbìmọ̀ á gbé e yẹ̀wò."

Àwọn máníjà mi orí.

Àǹtí gba ìdérí lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé e mọ́ ìkòkò tirẹ̀, ó gbé e rù. Àkísà ló fi sílẹ̀ fún wọn lórí tábìlì.