Bàbá Tí Kì Í Pààlọ́ Lójúmọmọ

Gbogbo Mulhuddart, àdúgbò wa ní Dublin nílẹ̀ Ireland, ló mọ ohun tí Bàbá Ọláníyọnu ṣe ní ilé ìkàwé, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Oṣù kẹfà ni, aago mẹ́ta ọ̀sán. Wọ́n pè é kó wá pààlọ́ fún àwọn ọmọdé, ọgbọ̀n ọmọ sì ti jókòó sílẹ̀ dè é. Bàbá ṣí fìlà, ó wo ojú fèrèsé, ó ní, "Ilẹ̀ ò tíì ṣú." Obìnrin tó pè é rò pé àwàdà ni. Ó ní lásìkò yìí, ó di nǹkan bí aago mọ́kànlá kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. "Kò burú," ni Bàbá wí, "a ó dúró." Ló bá yọ búrẹ́dì àti ẹja dídín jáde nínú àpò, nítorí ó ti mọ̀ látilé pé yóò pẹ́.

Ó ní èèwọ̀ ni: ẹni tó bá pààlọ́ lójúmọmọ, ìyá rẹ̀ á sọnù. Fadékẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé, rán an létí pé, "Bàbá, ìyá yín ti kú láti ogójì ọdún."

"Ta ló wá sọ fún ẹ pé òkú kì í sọnù?"

Òun nìkan ni ọmọ Nàìjíríà tí a mọ̀ tó ń dúpẹ́ pé ìgbà òtútù dé. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú láago mẹ́rin ààbọ̀, Bàbá á ti jókòó ti hítà, Ìtẹ́olúwa, ọmọ Fadékẹ́, á sì wà níwájú rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Dublin ló fi ń fèsì. Ìyẹn ò dun Bàbá. Ohun tó ń dùn ún ni kí èèyàn yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú ààlọ́. Lọ́jọ́ kan, Fadékẹ́ dá sí i láti kíṣíìnì pé Ìjàpá rìn wọlé. "Rìn kẹ̀? Ó rá pálá wọlé ni." Ló bá tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú orin. Ìrẹsì jóná lọ́jọ́ náà.

Fintan, arúgbó ará Mayo, ìgbèríko kan ní Ireland, tó ń gbé ilé kejì, nìkan ló lè kò ó lójú. Fintan ní igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà lábúlé àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé, pé àwọn iwin ló ni ín.

"Ìrókò nìyẹn," ni Bàbá wí.

"Ìrókò yín kì í ga ni? Igi yẹn ò ju èmi lọ."

"Òtútù yín ló sọ ọ́ di aràrá."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Fintan sọ pé bàbá àgbà òun náà kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ìtàn lọ́sàn-án, Bàbá sún àga rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ta ló sọ fún wọn?"

Fintan ní òun ò mọ̀, òun ò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ gbogbo ààlọ́ mi. Tí mo bá ń pa á nígbà tí oníkálukú ń sáré iṣẹ́ ẹ̀, tí ẹnì kan ò fetí sílẹ̀, ohùn ìyá mi ló ń sọnù yẹn."

Oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, àìsàn gbé e dé ọsibítù. Ààlọ́ kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì pa fún Ìtẹ́olúwa, èyí tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn jù: ti obìnrin tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́nà oko. Ó ń fi í pamọ́ de ìgbà òtútù. Dókítà sì ti sọ pé kò ní rí ìgbà òtútù. Bàbá náà mọ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni àlejò gbọ́dọ̀ kúrò, oòrùn á ṣì wà lójú ọ̀run.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn pa á fún un," ni Fadékẹ́ bẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ilẹ̀ ò tíì ṣú."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi fa èyí. Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa aṣọ ìbora bo orí àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó rí aṣọ lórí rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Kò tíì kú," ni Fadékẹ́ sọ fún un. "Ààlọ́ ló ń pa."

Ohùn rẹ̀ ń jáde lábẹ́ aṣọ. Obìnrin náà bi odò, "Odò, ta ni mo bí o?" Ó bi òkúta, "Òkúta, ta ni mo bí o?" Ó ku ẹnì kẹta tó máa bi, Bàbá sì dákẹ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló tún ti dúró. Ó ti gbàgbé.

"Ìyá mi," ó ní, "ta lẹ ní ó bi?"

Ìtẹ́olúwa ronú díẹ̀. "Maybe she asked the bus, Granda."

Fadékẹ́ mú ojú kúrò, ó ń retí ìbínú.

"Bọ́ọ̀sì, ta ni mo bí o?" ni Bàbá kọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Ẹn-ẹn. Bí ìyá mi ṣe ń kọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Oko ni ìyá Bàbá gbé títí ó fi kú, kò wọ bọ́ọ̀sì rí láyé rẹ̀. Fadékẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sọ ọ́. Ó gbé etí aṣọ ìbora sókè, ó wọlé bá wọn, ó sì gbe orin náà.