Àkàn Ẹlẹ́sẹ̀ Méje

Òórùn ni ó kọ́kọ́ wọ kíláàsì lọ́jọ́ náà, kí Tíṣà tó wọlé. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ìrì ṣì wà lórí koríko pápá ilé-ìwé wa ní Iléṣà, a sì ń pariwo ìṣirò ìsọdipúpọ̀, nígbà tí òórùn kan gba ẹnu ọ̀nà bọ̀ wá bá wa. Ó jọ ti iyọ̀, ó jọ ti okùn tútù, ó sì jọ ti ẹja tí ó ti di àná. Tíṣà gbé àpótí onípákó kan lé orí tábìlì, ó ṣí i, ó sì ní kí a máa bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkarahun ni ó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹranko kan tí ó rí bí ìràwọ̀ tí ó ti gbẹ, àti eegun ẹja kan tí ó gùn ju apá mi lọ. Owó ẹyọ náà wà níbẹ̀. Gbogbo wa ti rí owó ẹyọ nínú ilé àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni a tó mọ̀ pé ohun abẹ̀mí kan ti gbé inú rẹ̀ rí. Nígbà tí ó kàn mí, mo fi imú kan inú àpótí náà títí ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi fi tì mí. Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́.

Ìlàjẹ ni Tíṣà ti wá, a kò sì mọ orúkọ mìíràn fún un ju Tíṣà Ìlàjẹ lọ. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Wọ́n gbé ọmọ etí òkun wá sí ìlú tí òkè yí ká, níbi tí omi tí ó tóbi jù lójú ọmọdé kò ju odò ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ, èyí tí ewúrẹ́ lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní kí a ya ẹja òkun sínú ìwé wa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa ni ó ya ẹja náà ní kíká, ìrù rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí igi ìgbálẹ̀ sì gún un láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, nítorí pé bí a ṣe ń rí i lórí àtẹ lọ́jà nìyẹn. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ta ni ó wọ inú òkun lọ fi igi gún ẹja yín?"

Ọmọ kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Kí ó má baà sá lọ ni, sà."

Kò nà wá. Ó kó wa jáde sí pápá, ó fi eérú fa àwòrán àbùùbùtán sórí ilẹ̀ láti ìdí igi máńgòrò dé ibi òpó góòlù, ó sì ní kí gbogbo kíláàsì dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Gbogbo wa wọlé, àyè ṣì kù. Ó po iyọ̀ mọ́ omi nínú garawa, ó ní kí a tọ́ ọ wò, ó sì sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí láti etí ilẹ̀ wa dé ibi tí ojú kò lè tó. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń kó wa lọ sí odò láti wo edé wẹ́wẹ́ àti àkàn lábẹ́ òkúta. Ó ní ìbátan àwọn tí ó wà nínú òkun ni wọ́n, bí ará oko ṣe jẹ́ ìbátan ará ìlú.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé a óò lọ sí Èkó lọ wo òkun. Bàbá Délé, alága ìgbìmọ̀ àwọn òbí, ni yóò yọ̀ǹda ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà rẹ̀ fún wa. Délé alára wà ní kíláàsì wa, ẹ̀yìn mi gan-an ni ó ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò lè gbà wá tán, Tíṣà sì ṣe òfin kan. Kí olúkúlùkù mú ohun abẹ̀mí kan nínú odò, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ nínú ìkòkò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí a óò lọ, ó ti ní àyè nìyẹn, òun àti ẹranko rẹ̀ ni yóò sì jọ lọ.

Àkàn ni mo mú. Ó ti pàdánù ẹsẹ̀ ìkẹyìn kan ní apá òsì kí n tó mú un, tí ó fi jẹ́ pé méje ni ó fi ń rìn, yàtọ̀ sí ọwọ́ ńlá méjì tí ó fi ń já nǹkan. Yèyé mi fún mi ní ìkòkò kan tí ẹnu rẹ̀ ti já díẹ̀. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń sáré lọ pààrọ̀ omi rẹ̀ lódò, nítorí Tíṣà ti kìlọ̀ fún wa nípa omi ẹ̀rọ. Mo ń fi èérún iṣu àti ekòló bọ́ ọ. Bàbá mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa po amọ̀, kí ó máa mọ ògiri fún àwọn ènìyàn títí dé Ìwàrájà, máa ń dúró tì mí tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, á wo ìkòkò náà, á sì ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwọ náà, máa ṣọ́ ọ." Mo ṣọ́ ọ. Bí mo bá wà nídìí oúnjẹ, mo ń dìde lọ wò ó. Bí mo bá wà ní kíláàsì, ẹsẹ̀ mi kò dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ àga.

Tíṣà ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ ẹranko olúkúlùkù sí. Nígbà tí ó kan tèmi, èmi àti òun ni a jọ ka ẹsẹ̀ àkàn náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sì dúró tì í lápá títí ó fi kọ ọ́: orúkọ mi, àkàn, àti méje.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní kí a kó gbogbo ìkòkò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì, kí ilẹ̀ ó tó mọ́ tí a óò lọ. A fi ẹ̀kọ lẹ orúkọ wa mọ́ wọn lára. Kò wù mí kí n fi tèmi sílẹ̀. Mo lọ, mo padà, mo tún lọ, títí ẹni tí ń ṣọ́ ọgbà fi lé mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, èmi ni mo kọ́kọ́ dé, àfi Délé nìkan tí ó ti jókòó sórí àkàsọ̀, tí ó wọ sálúbàtà tuntun. Mo wo inú ìkòkò Yèyé mi. Òkú àkàn ni ó wà níbẹ̀, ó ti dojú délẹ̀. Mo fi ìka yí i padà, mo ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́jọ ni. Mo sáré lọ wo ìkòkò Délé. Àkàn tèmi ni ó wà níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ méje rìn kiri.

"Délé, ìwọ lo mú àkàn mi."

"Tìẹ ti kú, Àjàyí. Lọ máa bá bàbá rẹ po amọ̀."

Ariwo sọ. Àwọn ẹgbẹ́ wa yí wa ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì kà á pẹ̀lú mi, ní ohùn òkè: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé èje. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé jáde tòun ti ẹgba lọ́wọ́. Bàbá Délé wà nínú ọgbà, ó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ọkọ̀ sì ti ń dún. Mo sọ ohun tí mo rí. Ọ̀gá àgbà wo ọkọ̀, ó wò mí.

"Ọmọ alámọ̀, ṣé ìwọ ni o fẹ́ pe ọmọ ènìyàn gidi ní olè?"

"Sà, ó wà nínú ìwé Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó."

Gbogbo ojú yí sí Tíṣà. Ó yọ ìwé náà nínú àpò, ó ṣí i, ó sì dúró lé ojú ewé kan pẹ́, ju bí ènìyàn ṣe ń ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Mo mọ̀ pé ó ti rí i. Lẹ́yìn náà ni ó pa á dé.

"N kò kọ iye ẹsẹ̀ sílẹ̀, sà," ni ó wí.

Ọ̀gá àgbà bi mí bóyá mo ti gbọ́. Mo ní àkàn mi ni. Ó nà mí ní méjì, ó tún bi mí. Mo ní àkàn mi ni. Ó tún nà mí ní méjì. Ní ìgbà kẹta, mo ń sunkún gidi gan-an, n kò sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣì yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Àwọn tí ó ti kà á pẹ̀lú mi dákẹ́. Wọ́n gun ọkọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Délé gbé ìkòkò rẹ̀ lé itan, ọkọ̀ sì lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, bàbá mi tẹ̀ lé mi lọ sí ilé-ìwé. Kò bínú, ó kúnlẹ̀ pàápàá kí ó tó sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kí a gbé àkàn náà jáde, kí a kà á lójú gbogbo wa. Bí ọmọ mi bá purọ́, èmi fúnra mi ni n óò nà án."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti da gbogbo ẹranko náà sínú òkun ní Èkó, ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ bẹ bàbá Délé níwájú gbogbo ilé-ìwé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì mọ́. Bàbá mi dìde, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó gba síléètì mi lọ́wọ́ mi, a sì jọ lọ sílé. Ọ̀dọ̀ ọlọ́dọ̀ ni àkàn mi ti rí òkun. Èmi kò rí i. Pírámárì fáìfù ni mo wà, ibẹ̀ ni ìwé mi sì pin sí.

Tíṣà wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó mú ìkarahun ńlá kan dání, aláwọ̀ osùn, ó ní èmi ni òun ṣa á fún. Bàbá mi kò jẹ́ kí n gbà á. "Tíṣà, ẹ̀rí ni ọmọ mi béèrè lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ìkarahun." Ó rọra yí padà. Nígbà tí ó di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn. Yèyé mi ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bàbá mi ní irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo ti ka ogún méjì kọjá.

Wọ́n rán mi lọ sí Òṣogbo, sọ́dọ̀ àbúrò Yèyé mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, bíríkìlà tí kì í gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀ láìkọ́kọ́ wí pé Bìsìmílàhì. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń na okùn kí ògiri má wọ́, mo sì mọṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà gbé mi dé Èkó. Mo kọ́ ilé ní etí òkun gan-an, níbi tí atẹ́gùn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lára. Àwọn awakọ̀ típà tí ń kó iyanrìn wá mọ̀ mí níbẹ̀, nítorí mo máa ń bu iyanrìn wọn sẹ́nu. Bí ó bá ní iyọ̀ nínú, mo ní kí wọ́n kó o padà, nítorí iyọ̀ a máa jẹ irin inú kọnkéré. Ní ọjọ́ kan, mo ṣa àfọ́kù ìkarahun nínú òkìtì iyanrìn, mo sì ń sọ fún àwọn lébìrà irú ẹranko tí ó ti gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Ọ̀gá, ṣé ọmọ etí òkun ni yín ni?"

"Rárá o. Ọmọ Iléṣà ni mí."

"Ẹ jẹ́ kí a lọ wò ó nígbà tí a bá ṣíwọ́. Ẹ̀yìn ilé yẹn náà ni."

N kò lọ. Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, n kò yí ojú síbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé mo ní àyè kan nínú ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà ti lọ, àti pé títí ẹnì kan yóò fi jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ni àyè náà, n kò ní yọ́ wọ ibẹ̀ bí ẹni tí ń jalè.

Ẹ̀yin tí a jọ jókòó ní kíláàsì yẹn, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Ọ̀gá àgbà ti kú, bàbá Délé ti kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ṣì wà, a máa ń pàdé níbi ìsìnkú, ẹ máa ń kí mi, ẹ máa ń pè mí ní Bíríkìlà, ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ àkàn náà bí ẹni pé eré ọmọdé ni. Ẹ kà á pẹ̀lú mi. Mo gbọ́ ohùn yín. N kò béèrè owó, n kò béèrè ìwé-ẹ̀rí. Kí ẹnì kan ṣoṣo dìde ní gbangba, kí ó ní, "Àjàyí kò purọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo sì ti fi ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà wé ara mi lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì fẹ́ràn ohun tí mo rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sọ òtítọ́ lábẹ́ ẹgba, kò dúró de ẹlòmíràn kí ó bá òun sọ ọ́. Bí a bá sọ fún un pé òkun wà lẹ́yìn ilé kan, yóò ti sáré débẹ̀ kí a tó parí ọ̀rọ̀. Èmi àgbàlagbà ni mo jókòó, tí mo ń retí. Ọ̀gá àgbà fi òkun du ọmọ náà fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo ọdún tí ó kù, èmi ni.

Mo ti sọ fún ìyàwó mi kí ó di aṣọ sínú báàgì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, n óò lọ wo òkun. Ẹjọ́ mi ṣì wà nílẹ̀.