Ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Lábẹ́ Fèrèsé

Ṣàà, ṣàà, ṣàà! Oòrùn ti ń wọ̀, òórùn ẹja yíyan ń ti ọjà Adewui ládùúgbò wa bọ̀, ìyá àgbà mi ń fẹ̀yìn rìn nínú àgbàlá, ó ń fi ìgbálẹ̀ pa ojú ẹsẹ̀ gbogbo wa rẹ́ lórí iyanrìn. Láti ẹnu géètì ló ti máa ń gbá a bọ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Tó bá wọlé, ó parí. Láàárọ̀, kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ẹlẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tún ti wá síbí!"

Ọmọ télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló ń bá wí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ya síta bíi ti pẹ́pẹ́yẹ lóòótọ́. Ó máa ní bọ́ọ̀lù òun lòun wá mú.

"Bọ́ọ̀lù wo ló ń já sábẹ́ fèrèsé ọmọ mi lójoojúmọ́?"

Nígbà tára ìyá àgbà ò le mọ́, a kó lọ sí Kpogan. Ibẹ̀ ló kú sí. Lọ́dún yìí ni wọ́n wá sọ fún màmá mi pé ẹnì kan ń wọ ilé Adewui. Ẹ̀rù bà wá. Téèyàn bá fi lè sọ ara ẹ̀ di onílé níbẹ̀, ilé ìyá àgbà ti lọ nìyẹn! Màmá ní kí n lọ wò ó.

Mo ṣí géètì. Yéè! Iyanrìn mọ́ tónítóní, ìlà ìgbálẹ̀ tò lọ rẹrẹ, kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan. Bí ìyá àgbà ṣe ń gbá a gẹ́lẹ́! Àmọ́ ti ìyá àgbà, ẹnu ilẹ̀kùn ló ń parí sí. Eléyìí parí sẹ́nu géètì. Ẹni tó gbá a, ìta ló gbà lọ.

Mo wọlé, mo lúgọ sẹ́yìn fèrèsé. Nírọ̀lẹ́, ọkùnrin kan wọlé tòun tìgbálẹ̀. Ó rí ojú ẹsẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Jáde wá jàre, mo ti mọ ẹsẹ̀ ẹ."

"Olè!" Mo figbe ta.

"Bọ́ńsúà o," ó kí mi kú ìrọ̀lẹ́. "Olè wo ló ń gbálẹ̀ fónílé?"

Mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ!

"Ta ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ géètì?"

"Ìyá àgbà ni, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó lọ. Wọ́n ní nínú gbogbo àdúgbò, ẹsẹ̀ tèmi làwọn mọ̀ jù."

"Kí ló dé tóò sọ fún wa?"

"Wọ́n ní ẹni tó bá ń pariwo pé òun ń ṣọ́lé, olè ló ń pè."

Háà! Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà pọ́ńbélé nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè rọ irú ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbà á gbọ́.

Mo ti padà sílé yẹn báyìí o, Sátidé tó ń bọ̀ làwọn ará ilé télọ̀ ń bọ̀ wá tọrọ mi fún ọmọ wọn nínú àgbàlá yẹn gan-an! Ẹ bá mi jó! Síbẹ̀, ìwà ìyá àgbà ò tíì kúrò lára mi. Tí mo bá pàdé èèyàn, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó wojú ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí náà mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ojú ẹsẹ̀ tó ya síta ló wà lábẹ́ fèrèsé mi, kò sì sí bọ́ọ̀lù kankan níbẹ̀. Mo gbá gbogbo àgbàlá, àmọ́ mi ò fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn.